Ta Ló Fi Àtùpà Yẹn Lélẹ̀?

Fóònù kẹ̀? Fóònù mi náà lẹ tún wá yá, Akọ̀wé? Ẹ jókòó ná. Rárá, kì í ṣe orí àga yẹn, aṣọ ọmọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ká ló wà níbẹ̀. Ẹ fa àpótí yẹn mọ́ra kí ẹ kọjú sí mi, nítorí ohun tó wà nínú mi láti ọ̀sán yìí, bí mi ò bá sọ ọ́ fún ẹni tó ni ín, inú mi á bẹ́. Ẹ má tọwọ́ bọ àpò. Ẹ jẹ́ kí fóònù tiyín máa dún níbẹ̀. Ẹ̀yin tí gbogbo ayé ń ka ọ̀rọ̀ yín lórí ayélujára, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fún eré orí fóònù tí ẹlòmíràn ṣe ní máàkì bí olùkọ́ ṣe ń fún ọmọ ilé-ìwé, ẹ gbọ́ tèmi náà lónìí, tí mo bá parí, kí ẹ fún mi ní iye máàkì tó bá wù yín.

Ọ́fíìsì àwọn tó ni ọkọ̀ ojú omi tí ọkọ mi, ẹ̀gbọ́n yín, ń bá ṣiṣẹ́ ni mo ti ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi nìkan. Mo sọ fún ọ̀gá wa nílé ìfọṣọ pé inú ń run ọmọ, irọ́ ni, Ọlọ́run á dárí jì mí, mo pọn ọmọ mo wọkọ̀ lọ. Obìnrin tó wà nídìí tábìlì níbẹ̀ ṣèèyàn. Ó fún mi lómi, ó fún ọmọ yìí ní ìwé aláwòrán ọkọ̀ kan kó máa fi ṣeré, ọmọ sì jẹ etí ìwé náà tán kí n tó gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ó ní ìjì tó jà lójú òkun yẹn ló ṣẹ́ òpó tí wọ́n fi ń gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì nínú ọkọ̀ wọn. Ó ní ọkọ̀ ò rì, pé ọkọ̀ mìíràn tó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ló mú ìròyìn wá, pé ó ń rìn díẹ̀díẹ̀ bọ̀ wá sí èbúté, àti pé àwọn kan fara pa nínú wọn. Mo ní àwọn wo. Ó ní orúkọ ò tíì dé. Mo ní ṣé kò sí ẹnì kankan nínú ọkọ̀ náà tó ti rí nǹkan kan fi ránṣẹ́ láti ọjọ́ tí ìjì ti jà? Ó ní kò sí. Mo ní bí ẹnì kan bá wá sọ pé òun rí nǹkan gbà láti ọwọ́ ọ̀kan nínú wọn lọ́sẹ̀ yìí ńkọ́? Ó wò mí, ó wo ọmọ tó wà lẹ́yìn mi, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Ìyá ọmọ, kò lè rí bẹ́ẹ̀."

Ta ló wá fi Àtùpà lélẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, Akọ̀wé? Ẹ dá mi lóhùn. Ta ló fi Àtùpà lélẹ̀?

Ẹ má bi mí pé àtùpà wo. Àtùpà inú eré káàdì orí fóònù náà ni, Àtẹ̀gùn Òkùnkùn, eré tí ẹ̀yin fúnra yín kọ̀wé lé lórí tí gbogbo àwọn tó ń ṣeré fi ń kan sáárá sí yín. Mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ. Mo fi ìka tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní kíláàsì àgbà, mo sì kà á dé ìsàlẹ̀. Ẹ ní èèyàn méjì ló jọ ń gun àtẹ̀gùn ilé gíga kan tí kò níná. Ẹ ní káàdì tí kò já mọ́ nǹkan ni wọ́n ń kó fúnni nísàlẹ̀ ilé, Àtùpà, Okùn, Fèrè, Àpótí, Ìkòkò, pé béèyàn bá ṣe ń borí àwọn abàmì tó ń ṣọ́ àjà kọ̀ọ̀kan ló ń rí káàdì gidi yàn, Ọ̀kọ̀, Asà, Iná, á máa kó wọn sápò, á máa yọ àwọn hẹ́gẹhẹ̀gẹ ti ìbẹ̀rẹ̀ dànù kí àpò lè fúyẹ́. Ẹ ní tí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì bá kú, àwọn méjèèjì ló ń ṣubú padà sísàlẹ̀, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀, ilé náà á sì ti yí gbogbo yàrá rẹ̀ padà kí wọ́n tó dìde. Ẹ ní ibi tó dùn sí nìyẹn. Mo gbà fún yín. Ibi tó dùn sí fún ẹ̀yin nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó dùn sí fún èmi.

Ẹ̀gbọ́n yín ò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ púpọ̀, ẹ mọ̀ ọ́n kí èmi tó mọ̀ ọ́n. Nígbà tó ń wọ ọkọ̀ lọ, ọmọ yìí ò tíì lè yí ara rẹ̀ padà lórí ẹní. Èmi náà ò tíì lè ka ìlà méjì tààrà láìlàágùn. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì inú ọkọ̀ wọn sì nìyẹn, ìpè á wọlé, á ní "hẹ́lò, ọmọ ńkọ́", ó ti já. Téèyàn bá tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, á máa yípo lójú fóònù títí yóò fi sú u. Káàdì nìkan ló ń kọjá. Ó fúyẹ́, ó ń gba ihò tí ohùn èèyàn ò lè gbà. Nígbà tó kù díẹ̀ kó lọ, a jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, a jọ pín ọ̀rọ̀ fún wọn. Àtùpà ni "mo wà dáadáa". Fèrè ni "ọmọ ńkọ́". Okùn ni "àárò yín ń sọ mí". Tó bá fi Àpótí lélẹ̀, iṣẹ́ ti pa á kú lọ́jọ́ náà nìyẹn. Èmi á fi Ìkòkò dá a lóhùn pé ọmọ ti jẹun, ó ti sùn. Bí a ṣe ń bá ara wa sọ̀rọ̀ nìyẹn, ẹni tí kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ àti ẹni tí kò mọ̀wé.

Ìdí tí a ò fi yọ àwọn hẹ́gẹhẹ̀gẹ yẹn dànù rí nìyẹn. Àwọn ni ẹnu wa. Abàmì àjà kẹta ló máa ń pa wá, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹbí wa. Ẹ̀gbọ́n yín á rí i tí ó gbé kùmọ̀ sókè, dípò kó fi Okùn dè é, yóò fun Fèrè bi mí léèrè ọmọ. Èmi náà á gbé Ìkòkò síwájú abàmì. Gbàù, a ti wà nísàlẹ̀. Mo máa ń rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú mi nínú yàrá yìí, Màmá yín á ní kí ló dé, màá ní, "Ọmọ yín ló pa wá."

Eré náà ò sì kánjú nígbà náà. Tó bá kan ẹ̀gbọ́n yín tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ́dọ̀ wọn, àwọn méjèèjì tó wà nínú àwòrán á kàn dúró lórí àtẹ̀gùn, wọ́n á máa mí. Mo máa ń ṣí i sójú tí mo bá ń fọ́mọ lọ́mú. Mo máa ń wo bí àyà wọn ṣe ń lọ sókè tó ń padà sísàlẹ̀. Tí káàdì ò bá dé, mo mọ̀ pé òkun ló jìnnà. Tó bá dé, mo mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ ló ti wá. Kò sí irọ́ níbẹ̀, Akọ̀wé. Nínú gbogbo ohun tó wà lórí fóònù yìí, ibẹ̀ nìkan ni kò sí irọ́.

Ibẹ̀ wá lẹ lọ fọwọ́ kàn.

Kí lẹ wí? Ẹ ní ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣe eré náà? Mo ní ẹ̀yin lẹ ṣe é ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yí ọ̀rọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Ǹjẹ́ ẹ rántí bẹ́ ẹ ṣe yẹ̀ ẹ́ wò? Orí tábìlì yìí ni. Fóònù mi lẹ yá, ẹ ní iṣẹ́ ni, ẹ ní ẹ fẹ́ wo ti àwọn ẹlẹ́ni-méjì kí ẹ tó kọ̀wé. Ẹ gbé fóònù tiyín sápá òsì, ẹ gbé tèmi sápá ọ̀tún, ẹ wá ń bá ara yín ṣeré. Ọwọ́ òsì fi káàdì lélẹ̀, ẹ sún, ọwọ́ ọ̀tún fi káàdì lélẹ̀, ẹ tún sún padà. Mo ń wẹ ọmọ nínú báàfù níbẹ̀ yẹn, mo ń wò yín, ẹ ń kùn, ẹ ní, "Ìdúró yìí mà pọ̀ jù o." Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé àwàdà ni. Ta lẹ ń dúró dè, Akọ̀wé? Ara yín lẹ ń dúró dè. Ẹ jókòó síbi méjì, ẹ wá ń bínú pé ẹnìkejì ò tètè dé.

Ìyẹn náà lẹ sì kọ. Ẹ fún un ní mẹ́fà nínú mẹ́wàá. Ẹ ní káàdì rẹ̀ gún régé, ogun rẹ̀ gba làákàyè, àwòrán rẹ̀ dùn ún wò, ṣùgbọ́n ó ń fi àkókò ẹni ṣòfò, kí àwọn tó ṣe é jẹ́ kí ẹ̀rọ máa bá ẹni tí kò sí nílé fi káàdì lélẹ̀, kí eré lè máa lọ. Kí eré lè máa lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn ni gbogbo wọn gbé sókè. Mo ka ohun tí àwọn tó ń ṣeré kọ sábẹ́ ọ̀rọ̀ yín. Ọ̀kan ní òun ti fẹ́yàwó, ìyàwó òun ti lóyún, ẹnìkejì òun ò tíì fi Okùn kan lélẹ̀. Ọ̀kan ní kí àwọn tí ọwọ́ wọn wúwo lọ máa ka èékánná. Ọkùnrin àgbàlagbà kan, Ọlọ́dẹ ló pe ara rẹ̀, ó ní ọ̀rẹ́ òun kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, pé ọjọ́ tí ara rẹ̀ bá gbà á nìkan ló ń lè fi káàdì kan lélẹ̀, kí wọ́n jọ̀ọ́ má mú ìdúró kúrò. Wọ́n ní kí bàbá lọ sùn.

Obìnrin kan wà tó ń ṣe irú iṣẹ́ tiyín, òun fún eré náà ní mẹ́sàn-án. Ó kọ ọ́ pé ìdúró yẹn gan-an leré, pé ìgbà téèyàn bá ń dúró ló ń mọ̀ pé ẹlòmíràn wà lápá kejì. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi dà á kọ sẹ́yìn ìwé iṣẹ́ kíláàsì mi kí n lè máa fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé. Kí lẹ fún un lésì? Ẹ ní òun ń fi omijé yẹ eré wò. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn yín rẹ́rìn-ín títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ẹnì kan tún kọ̀wé. Bóyá ẹ ò lè rántí, èrò pọ̀ lọ́dọ̀ yín lọ́jọ́ náà. Ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní Ìyá Aláṣọ Funfun. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó máa dúró, ẹnìkejì àwọn ẹlòmíràn jìnnà." Ìlà kan péré. Ẹ wá dá a lóhùn. Ẹ ní, "Ìyá, tí ẹnìkejì bá jìnnà, ẹ wá èyí tó súnmọ́ tòsí." Àwọn èèyàn yín fẹ́rẹ̀ẹ́ kú ẹ̀rín. Ọ̀kan tiẹ̀ ní òun wà nítòsí.

Èmi ni.

Èmi ni Ìyá Aláṣọ Funfun. Ta ló tún ń fọ aṣọ funfun àwọn oníhòtẹ́ẹ̀lì láti àárọ̀ dalẹ́ nínú gbogbo ẹni tẹ́ ẹ mọ̀? Ìlà kan tẹ́ ẹ rí yẹn, mo kọ ọ́, mo pa á rẹ́, mo tún un kọ, mo gbé e lọ fún olùkọ́ wa kó bá mi wò ó bóyá ó tọ́. Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa kọ síta fún aráyé rí láyé mi nìyẹn. Ẹ̀yin àbúrò ọkọ mi lẹ sì fèsì pé kí n lọ wá ọkùnrin mìíràn. Rárá, ẹ má bẹ̀ mí. Ẹ má bẹ̀ mí lórí ìyẹn, mo ti gbé e mì, mo mọ̀ pé ẹ ò mọ̀ pé èmi ni. Mo ń sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé gbogbo àwọn tẹ́ ẹ ń dá lóhùn níbẹ̀ yẹn, ilé ẹnì kan ni wọ́n jókòó sí.

Kò pẹ́ sí i ni àwọn tó ṣe eré náà kọ̀wé jáde. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ ya àwòrán rẹ̀, ẹ fi í sórí Wásáàpù ẹbí, Màmá ní kí n ka ohun tó wà níbẹ̀ fún àwọn, mo ka orúkọ yín àti ọpẹ́, mo dúró níbẹ̀ nítorí ọmọ ń ké. Gbogbo ẹbí pàtẹ́wọ́. Èmi náà fi àwòrán ọwọ́ mẹ́ta tó ń pàtẹ́wọ́ ránṣẹ́ sí yín. Ìsàlẹ̀ ibi tí mo kà dé ni wọ́n kọ ọ́ sí pé láti ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ lọ, tí ẹnìkejì kò bá fi káàdì lélẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, ilé gíga náà á bá a yan èyí tó dára jù lọ́wọ́ rẹ̀, á sì fi í lélẹ̀ lórúkọ rẹ̀. Lórúkọ rẹ̀, Akọ̀wé. Àwòrán rẹ̀ á na ọwọ́, á fi káàdì lélẹ̀, bí ìgbà tó jẹ́ òun gan-an. Kò sí àmì kankan. Wọn ò kọ ohunkóhun sára rẹ̀.

Ìjì wá jà. Ẹ̀yin náà gbọ́ ọ nínú rédíò. Ẹ rí bí Màmá ṣe dà. Ẹ̀jẹ̀ wọn tó máa ń ru tẹ́lẹ̀ tún ru sí i, nọ́ọ̀sì tó wọn ẹ̀jẹ̀ wọn ní kí wọ́n má dìde. Wọn ò jẹun. Wọ́n á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ojú wọn á máa wo àtẹ̀gùn ilé yìí bí ẹni pé ibẹ̀ lẹ̀gbọ́n yín máa gbà wọlé. Èmi ńkọ́? Mò ń fọ aṣọ, mò ń lọ aṣọ, mò ń yọ fóònù wò lábẹ́ tábìlì ìlọṣọ, àwọn méjèèjì ṣì wà lórí àtẹ̀gùn, wọ́n ń mí. Mò ń sọ fún ara mi pé òkun ló jìnnà.

Lọ́jọ́ Ajé, Àtùpà dé.

Mi ò lè sọ bó ṣe rí fún yín. Ọṣẹ wà lọ́wọ́ mi dé ìgbúnwọ́. Mo sáré láti ilé ìfọṣọ délé, mo gun àtẹ̀gùn yìí láìmí, mo ní, "Màmá, ó wà dáadáa, ó fi Àtùpà lélẹ̀." Màmá ní kí n gbé ojú fóònù súnmọ́ àwọn. Wọ́n fi ìka kan ara àtùpà inú àwòrán yẹn jẹ́jẹ́, bí ẹni tó rò pé yóò jó àwọn lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n bu oúnjẹ wá. Wọ́n jẹ ẹ́ tán. Wọ́n sùn sórí àga tí wọ́n jókòó sí, ọmọ lórí itan wọn, wọn ò jí títí mo fi padà dé. Ẹ rí oorun yẹn? Irọ́ ni mo fi mú wọn sùn. Ẹ̀rọ ló gbé irọ́ náà fún mi, ẹ̀yin lẹ gbà á nímọ̀ràn.

Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀kọ̀ dé. Lọ́jọ́rú, Asà. Gbogbo wọn ń dé ní kété tí ilẹ̀ bá ṣú. Mo fi Ìkòkò lélẹ̀ pé ọmọ ti jẹun, kò sẹ́ni tó fun Fèrè bi mí léèrè ọmọ. Ẹ̀gbọ́n yín kì í dé kó má béèrè ọmọ. Mo tún fi Okùn lélẹ̀. Iná ló fi dá mi lóhùn, ó sì jó abàmì àjà kẹta pátápátá, abàmì tiwa, ó di eérú. A gòkè. A kọjá àjà kẹrin, a kọjá àjà karùn-ún, a dé ibi tí a ò dé rí látìgbà tí a ti ń ṣeré yìí, orin ibẹ̀ yàtọ̀, ògiri rẹ̀ funfun. Ẹ̀rù wá bà mí. Ẹ ti rí ẹni tó ń borí tí ẹ̀rù ń bà á rí? Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, mo ní, ta nìwọ yìí? Ta ni èmi àti ìwọ jọ ń gun òkè? Ẹ̀gbọ́n yín ò mọ eré yìí tó bẹ́ẹ̀, Akọ̀wé. Kò mọ̀ ọ́n rárá.

Ìgbà náà ni mo padà lọ ka ìwé ọpẹ́ yín dé ìsàlẹ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì kó lè yé mi. Ó yé mi. Mo dúró kí ilẹ̀ mọ́, mo pọn ọmọ, mo lọ sí ọ́fíìsì wọn.

Ẹ ní bóyá ó wà dáadáa lóòótọ́? Bóyá. Mò ń tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ Ọlọ́run bí mo ṣe ń mí. Bóyá ó ń jẹun nísinsìnyí, bóyá ó wà lára àwọn tó fara pa, bóyá apá rẹ̀ ló ṣẹ́, bóyá orí ni. Mi ò mọ̀. Ìyẹn ni mò ń sọ fún yín láti ìgbà yìí, mi ò mọ̀. Tẹ́lẹ̀, tí mi ò bá mọ̀, mo máa ń mọ̀ pé mi ò mọ̀. Ní báyìí, tí òpó wọn bá dìde padà lọ́la, tí ẹ̀gbọ́n yín fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún mi ní Àtùpà, báwo ni mo ṣe máa gbà á gbọ́? Ẹ sọ fún mi. Kí ni mo máa fi dá ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ yàtọ̀ sí ti ẹ̀rọ?

Èmi ni káàdì kàn báyìí. Ẹ wò ó, ẹ wo ojú fóònù tẹ́ ẹ wá yá. Mi ò fọwọ́ kàn án láti àárọ̀. Tí ilẹ̀ bá ṣú tí mi ò ṣe nǹkan kan, ẹ̀rọ á fi káàdì lélẹ̀ lórúkọ tèmi náà. Á lè fi Ìkòkò lélẹ̀, á ní ọmọ ti jẹun, ó ti sùn. Ẹ̀rọ kejì á ní òun wà dáadáa. Ẹ̀rọ méjì, Akọ̀wé, wọ́n á jọ máa gun òkè lọ, wọ́n á máa fi ara wọn lọ́kàn balẹ̀, ẹnì kankan ò ní sí níbẹ̀.

Mi ò ní kí ẹ bá mi dá ìdúró padà. Mo mọ̀ pé àwọn tí ọwọ́ wọn yá ju wá lọ, wọ́n á ké. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ níbí lójú mi, ẹ̀yin tí wọ́n ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu. Ẹ ní kí wọ́n fi àmì sára káàdì tí ẹ̀rọ bá fi lélẹ̀. Àmì lásán. Kó pọ́n, kó dúdú, kó jẹ́ tó ìwọ̀n orí abẹ́rẹ́, kí èèyàn ṣáà lè mọ̀ pé ọwọ́ èèyàn kọ́ ni. Ẹ yọ fóònù yín. Ó ti ń dún láti ìgbà tẹ́ ẹ ti jókòó, ẹ yọ ọ́ wàyí. Ẹ kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́, ẹ má fi gírámà bò ó mọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni. Ẹ fi í ránṣẹ́ kí n rí i. Ó lọ? Ẹ jẹ́ kí n rí i.

Ó dáa. Ó ku èkejì.

Ẹ gbọ́? Ẹsẹ̀ Màmá nìyẹn lórí àtẹ̀gùn. Ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ wọn ni wọ́n lọ láti àárọ̀, ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kọrin bọ̀. Gbogbo àdúgbò ni wọ́n ti ń sọ fún pé ọmọ àwọn ránṣẹ́, pé ó wà dáadáa. Mi ò lè sọ ọ́ fún wọn, Akọ̀wé. Ẹnu tí mo fi sọ pé ó wà dáadáa nìyí, mi ò lè fi í sọ pé mi ò mọ̀. Ẹ̀yin ni ọmọ wọn. Ẹ má wo ilẹ̀kùn, kò sí ọ̀nà mìíràn tẹ́ ẹ lè gbà jáde ju ibi tí wọ́n ń gbà bọ̀ lọ. Ẹ rọra bá wọn gba àpò ọwọ́ wọn, kí ẹ mú wọn jókòó dáadáa kẹ́ ẹ tó la ẹnu, ẹ rántí ẹ̀jẹ̀ wọn. Oògùn wọn wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù níbẹ̀ yẹn. Èmi á bu omi.

Ẹ dìde. Ẹ lọ ṣílẹ̀kùn fún ìyá yín.